Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àfikún fún PostgreSQL: kóòdù tó mọ Linux nìkan kò tíì parí

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àfikún fún PostgreSQL tí ẹ sì ń tọ́jú wọn, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí.

Ìpinnu kan ló mú mi kọ̀wé. Ẹnì kan fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ni àfikún kan tí à ń lò níbi iṣẹ́ wa, kí kóòdù náà lè ṣeé kọ́ńpáìlì lórí Windows. Àtúnṣe náà kéré: ọ̀rọ̀ kan tí ó fi síwájú orúkọ function mélòó kan (ìdì kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan), header kan (fáìlì tó ń kéde orúkọ ohun tí kóòdù máa lò) tí ó yọ kúrò, irú nọ́ńbà kan tí ó pààrọ̀. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwọn kì í lo Windows, àwọn kò sì ní gba ohun tí àwọn kò lè dán wò. N ò ní dárúkọ wọn, torí pé irú èsì bẹ́ẹ̀ ti di àṣà láàárín wa, mo sì ti rí i lọ́wọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ní gbangba, kí àwọn tó ń lo iṣẹ́ yín náà lè gbọ́.

Fún àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí: PostgreSQL ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú dátábéèsì; àfikún ni kóòdù tí a so mọ́ ọn kí ó lè ṣe ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, bíi kí ó wá orúkọ láìka àmì ohùn sí, tàbí kí ó ṣírò bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì. Èdè C ni a sábà fi ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ kò gbọ́ C; kọ́ńpáílà ló ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Kọ́ńpáílà tí wọ́n ń lò lórí Linux, èyí tí wọ́n ń lò lórí macOS àti èyí tí wọ́n ń lò lórí Windows kì í gba nǹkan kan náà; ohun tí ọ̀kan gbà, èkejì lè kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti ń wá.

Ohun tí mo ní láti sọ kò pọ̀. Àfikún tó ń kọ́ńpáìlì lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ nìkan, iṣẹ́ ṣì kù lórí rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ tó kù náà ń já lé lórí ni àwọn tí kì í ṣe àwọn ló yan kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò.

1. Ẹ ti ṣe ìlérí kan fún wa.

Ní yunifásítì ti Berkeley ni iṣẹ́ POSTGRES ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, orúkọ PostgreSQL sì dé lọ́dún 1996. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ní Windows gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó ní láti lo Cygwin, ètò kan tó ń ṣe bí Unix lórí Windows. Oṣù kìíní ọdún 2005 ni ẹ̀yà 8.0 jáde, tí PostgreSQL wá ń ṣiṣẹ́ lórí Windows fúnra rẹ̀. Lónìí, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows, macOS, FreeBSD, OpenBSD, NetBSD àti Solaris. Lọ́dún 2011, ẹ̀yà 9.1 mú CREATE EXTENSION wá. Ìlà kan ṣoṣo ni ẹni tó ń lò ó máa tẹ̀. Ìlà náà kò yàtọ̀ lórí sístẹ́mù kankan.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ sókè pátápátá pé “àfikún fún PostgreSQL” nìyí, ohun tí ẹni tó ń kà á gbọ́ ni pé ibikíbi tí PostgreSQL bá dé, iṣẹ́ yín á dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sí etí rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn tó ń kọ PostgreSQL fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi sístẹ́mù kan sílẹ̀: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde ẹ̀yà 16 pé HP-UX ti lọ, wọ́n kọ ọ́ sínú ti ẹ̀yà 17 pé AIX ti lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn rí i kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ní ti yín, ìgbà tí kọ́ńpáílà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣìṣe jáde ni èèyàn ń mọ̀.

2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún wa pé “ẹ lo Linux”.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Abẹ́òkúta, ilé ìwé girama kan ní Òṣogbo, ilé iṣẹ́ aṣojú ìbánigbófò kan ní Ìbàdàn: Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà. Sọ́fútíwià tí akọ̀wé owó wọn ń lò, Windows ló mọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé jáde, Windows ni wọ́n fi tò ó. Ẹni tó ń tọ́jú dátábéèsì níbẹ̀ kọ́ ló ra ẹ̀rọ, wọn kò sì bi í léèrè. Kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nítorí fáìlì C mẹ́ta.

Àwọn kan á ní kí a lo Docker, àpótí tí a ń di ètò Linux sí kí ó lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn, tàbí kí a gbé Linux sínú Windows. Ó dára fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ tí RAM rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n dátábéèsì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mélòó kan, tí a ti tò bí yóò ṣe máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ lálaalẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn gbára lé, ẹ kò lè ní kí a kó o kúrò níbi tó wà nítorí pé ẹnì kan kọ `long` níbi tó yẹ kó kọ `int64` (irú nọ́ńbà méjì nínú C).

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ń kọ́ dátábéèsì ní poli, Windows ló wà lórí láptọ́ọ̀pù tí àwọn òbí rẹ̀ sa ipá wọn láti rà fún un. Ó ka iṣẹ́ yín, ó wù ú, ó tẹ̀lé gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó wá rí ọgọ́rùn-ún ìlà àṣìṣe. Kò mọ̀ pé ẹ̀bi òun kọ́. Ó rò pé iṣẹ́ yìí ju òun lọ. Mo ti jókòó ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, mo ti fi hàn wọ́n pé header tí wọ́n ń wá kò sí lórí Windows rárá, pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe tí ì bá mú un jáde. Ara wọn máa ń balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́. Àwọn tí kò rí ẹni jókòó tì wọ́n ńkọ́?

3. Àwọn àléébù tó ń fa èyí kò pọ̀, ẹ sì mọ̀ wọ́n.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti farabalẹ̀, torí pé wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Windows jẹ́ aginjù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí variable, orúkọ tí kóòdù ń fi iye pa mọ́ sí. Lórí Linux, kóòdù àfikún lè na ọwọ́ sí variable èyíkéyìí tó wà nínú PostgreSQL. Lórí Windows, àfi tí wọ́n bá fi PGDLLIMPORT síwájú rẹ̀ nínú header. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí i, nígbà tí ẹnì kan bá bẹ̀bẹ̀. Kóòdù tó dára lórí Linux á dé ọ̀dọ̀ linker ti Microsoft, ètò tó ń so àwọn ẹ̀ka kóòdù pọ̀, á ní òun kò mọ orúkọ yẹn rí. Ìṣòro gidi ni, ẹ kò sì lè yanjú rẹ̀ fúnra yín. Mo gbà. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Robert Haas, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, fi PGDLLIMPORT sí gbogbo wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀: kí àfikún tó wà lórí Windows má ṣe rẹlẹ̀ sí èyí tó wà lórí Linux mọ́. Láti ẹ̀yà 15 ni èyí ti wà. Àwíjàre yẹn ti tán.

Ìdàkejì rẹ̀ ni PGDLLEXPORT, èyí tí a fi ń sọ pé function tiwa yìí, ẹni tó wà níta lè pè é. PG_FUNCTION_INFO_V1 máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ fún àwọn function tí SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ń pè, ṣùgbọ́n function tí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi orúkọ rẹ̀ wá, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ kò ní mọ̀ lórí Linux. Láti ẹ̀yà 16, PostgreSQL ti ń pa orúkọ inú àfikún mọ́ lórí Linux àti macOS náà, àfi èyí tí a bá fi àmì sí. Ohun tí ẹ ń pè ní ìyọnu Windows ti di òfin fún gbogbo ilé. Ẹni tó ti kọ kóòdù rẹ̀ dáadáa fún Windows kò ní ohun kan láti tún ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀yà 16 jáde. Àwọn tó sọ pé Windows kò kan àwọn ni wọ́n ń sáré kiri.

Nọ́ńbà ńkọ́? Lórí Linux àti macOS tó jẹ́ bíìtì 64, `long` jẹ́ báìtì mẹ́jọ. Lórí Windows tó jẹ́ bíìtì 64, báìtì mẹ́rin ló jẹ́. Àfikún tó ń fi `long` ka ìlà inú tábìlì á dé 2,147,483,647, á wá ṣubú sí òdì. Kọ́ńpáílà lè má sọ ohunkóhun. Kò ní kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Irọ́ ló máa pa fún ẹni tó ń lò ó. Mo ka èyí sí èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn, torí pé àṣìṣe tó dá iṣẹ́ dúró sàn ju èyí tó ba ìṣirò jẹ́ lọ. PostgreSQL ti fún wa ní `int64` àti INT64_FORMAT. Ẹ lò wọ́n.

Ẹ máa ń lo `__builtin_popcountll`, ẹ máa ń lo `__attribute__`, ẹ máa ń lo array (ọ̀wọ́ iye tó tò tẹ̀lé ara wọn) tí a kò mọ gígùn rẹ̀ àfi nígbà tí kóòdù bá ń ṣiṣẹ́. GCC àti Clang, kọ́ńpáílà tí wọ́n sábà ń lò lórí Linux àti macOS, gbà wọ́n. Kọ́ńpáílà Microsoft kò gbà wọ́n. Ẹ ń pe header `unistd.h` àti `sys/time.h`, wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ ń pe `strcasecmp`. Ẹ wo inú àpótí tí PostgreSQL ti tò sílẹ̀ fún yín: `pg_bitutils.h` wà fún kíka bíìtì, `pg_strcasecmp` wà, `palloc` wà dípò array aláìnígùn, `instr_time.h` wà fún wíwọn àkókò. Àwọn tó kọ dátábéèsì yìí ti jìyà náà ní ìgbà tiwọn, wọ́n sì fi ojútùú rẹ̀ sílẹ̀ kí àwa má baà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ti fork ló jinlẹ̀ jù. Lórí Linux, PostgreSQL máa ń bí ọmọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, ọmọ náà á sì jogún gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí ìyá rẹ̀. Windows kò ní fork. Ẹ̀mí tuntun ni gbogbo ọmọ níbẹ̀, tí yóò tún ka àwọn fáìlì tó wà nínú shared_preload_libraries láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà PostgreSQL kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Ẹ wá wo àfikún tó ń ṣe nọ́ńbà àṣírí kan nínú `_PG_init` (function tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àfikún bá ń wọlé) tó sì fi í sínú static variable. Lórí Linux, gbogbo ọmọ ní àṣírí kan náà. Lórí Windows, kálukú ní tirẹ̀, ohun tí ọ̀kan sì fi kọ́kọ́rọ́ tì, èkejì kò lè ṣí i. Ẹ kò nílò Windows láti mú irú àṣìṣe yìí: ẹ kọ́ńpáìlì PostgreSQL lórí Linux yín pẹ̀lú `-DEXEC_BACKEND`, yóò máa bí ọmọ lọ́nà ti Windows níwájú yín. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Mélòó nínú yín ló ti lò ó?

Ọ̀kan kù tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ní tààrà. A fẹ́ kí ẹni tó bá tẹ “Olayinka” rí “Ọláyínká”. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63, àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ sì dá dúró fúnra rẹ̀, torí pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀ lódindi. Ẹni tó bá kọ irú àfikún yìí á fẹ́ kọ lẹ́tà wọ̀nyí sínú fáìlì C bí wọ́n ṣe rí. GCC á gbà á. Kọ́ńpáílà Microsoft ńkọ́? Tí fáìlì náà bá ní àmì BOM lókè (báìtì mélòó kan tó ń sọ bí a ṣe kọ lẹ́tà inú rẹ̀), yóò mọ̀ pé UTF-8, ọ̀nà kíkọ Unicode ní báìtì, ni, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá fi `/utf-8` sí i, yóò gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ náà sí kóòdù lẹ́tà ti ẹ̀rọ náà. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n tò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹ níbẹ̀. Àmì ìbéèrè ló máa bọ́ sípò rẹ̀. Àfikún á kọ́ńpáìlì, á wọlé, á sì máa wá àmì ìbéèrè kiri nínú orúkọ àwọn èèyàn. Kí ẹ fi `/utf-8` sí i, tàbí kí ẹ kọ ọ́ ní báìtì, `\xE1\xBA\xB9` fún ẹ. Ìṣẹ́jú kan kò gbà.

4. Windows nìkan kọ́ ló ń jìyà.

Ẹni tó ń lo FreeBSD tẹ `make` gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́, torí pé GNU make ni PGXS, ohun èlò PostgreSQL fún kíkọ́ àfikún, fẹ́, `gmake` ló sì ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ `#!/bin/bash` sórí skíríptì, bash kò sí nínú `/bin` lórí FreeBSD. Ẹ lo `sed -i` lọ́nà ti GNU, ti macOS àti ti FreeBSD fẹ́ ohun mìíràn lẹ́yìn `-i`.

Ní ti macOS, ẹ̀yà 16 yí orúkọ ìparí fáìlì àfikún padà láti `.so` sí `.dylib`. Ẹni tó bá ti kọ `.so` mọ́ module_pathname nínú fáìlì control rẹ̀ ti fọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ `$libdir/orúkọ` lásán kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, nítorí PostgreSQL fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ìparí tó yẹ sí i. Linker ti macOS sì máa ń fẹ́ mọ ibi tí fáìlì `postgres` wà kó tó gba orúkọ tí kò rí. Ti Linux máa ń dákẹ́ lórí irú ẹ̀. Tí ẹ bá kọ Makefile (fáìlì àṣẹ tí `make` ń tẹ̀lé) tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀ láìgba ọwọ́ PGXS, ibẹ̀ lẹ máa há sí.

Ẹ̀rọ Mac tuntun ń lo ARM, àwọn tó ti pẹ́ ń lo ti Intel. Ẹ kọ `-msse4.2` sínú Makefile láìbéèrè irú ẹ̀rọ tó wà níwájú, kò ní kọ́ńpáìlì lórí ARM. Ẹ kọ `-march=native`, ó kọ́ńpáìlì lórí ẹ̀rọ tuntun yín, wọ́n gbé e lọ sórí sáfà tó dàgbà díẹ̀, ó kú pẹ̀lú “Illegal instruction”.

Linux pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Alpine, irú Linux kan, ń lo musl dípò glibc, àkójọ kóòdù ìpìlẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn ń lò; `execinfo.h` kò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́ PostgreSQL pẹ̀lú LLVM, àkójọ irinṣẹ́ tí clang jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, PGXS á wá clang kiri láti ṣe fáìlì `.bc`, tí clang kò bá sí nínú àpótí Docker yẹn, iṣẹ́ dúró. `make with_llvm=no` máa yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé ta ni ẹni tuntun ti máa rí i?

5. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe.

Ẹ lọ wo àfikún tó ń jẹ́ pgvector. Fáìlì kan tó ń jẹ́ Makefile.win wà nínú rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì sọ ohun tí ẹni tó ní Windows yóò tẹ̀, ìlà mélòó kan péré. Nípa `-march=native`, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ fi OPTFLAGS sílẹ̀ lófìfo. Àfikún TimescaleDB yan CMake, ètò tó ń ṣètò kíkọ́ńpáìlì lórí oríṣiríṣi sístẹ́mù, kí ó lè bá gbogbo wọn ṣe. Àfikún PostGIS tóbi, ó gbára lé kóòdù GEOS, PROJ àti GDAL, síbẹ̀ ẹni tó ní Windows lè fi Stack Builder, ètò tó ń gbé àfikún wọlé, gbé e wọlé láìfọwọ́ kan kọ́ńpáílà. Àwọn àfikún tó bá PostgreSQL wá, bíi hstore, pg_trgm àti unaccent, ń kọ́ńpáìlì níbi gbogbo lójoojúmọ́ lórí àwọn ẹ̀rọ Build Farm, àwọn ẹ̀rọ tó ń dán PostgreSQL wò, tí wọ́n fi orúkọ ẹranko sọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àfikún tí wọ́n dá àtúnṣe rẹ̀ padà níwájú wa kò tó ìdámẹ́wàá PostGIS.

6. Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ PostgreSQL fúnra rẹ̀.

N ò fẹ́ kí ó dà bíi pé àwọn tó ń kọ àfikún nìkan ló jẹ̀bi. PGXS dára púpọ̀. Ìlà mẹ́rin márùn-ún nínú Makefile, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n orí GNU make ló dúró lé, kọ́ńpáílà Microsoft kò sì ní in. Lẹ́yìn náà ẹ mú Meson, ètò kíkọ́ kóòdù mìíràn, wá ní ẹ̀yà 16, ẹ sì yọ àwọn skíríptì Perl tó wà nínú `src/tools/msvc` kúrò ní ẹ̀yà 17. Fún PostgreSQL fúnra rẹ̀, ìpinnu tó dára ni. Fún ẹni tó ń kọ àfikún láti ìta, tó sì fẹ́ lo kọ́ńpáílà Microsoft, kò sí ohun kan tó dúró ní ipò PGXS. Kálukú ń kọ Makefile.win tirẹ̀, kálukú ń wá ibi tí `postgres.lib` wà, kálukú ń to àwọn fólúdà include sí ipò tó yẹ: ti `win32_msvc`, ti `win32`, ti `server`. Ìmọ̀ yìí wà káàkiri, ẹnu ni wọ́n fi ń gbà á.

Ẹ fún wa ní ojú ewé kan nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, tí yóò mú àfikún kékeré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí Windows. Tí ẹ bá lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ jẹ́ kí Meson ṣe fún àfikún ìta ohun tó ń ṣe fún contrib, àwọn àfikún tó bá PostgreSQL wá, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn nìkan yóò dín ẹkún púpọ̀ kù.

7. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Ẹ kọ sókè pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kóòdù yín wálẹ̀, sístẹ́mù tí ẹ ti dán an wò lórí rẹ̀ àti èyí tí ẹ kò tíì dán wò. Tí ó bá jẹ́ Linux nìkan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ dán an wò lórí mẹ́ta. GitHub, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń yá yín ní ẹ̀rọ Linux, Windows àti macOS lọ́fẹ̀ẹ́ tí kóòdù yín bá wà ní gbangba. Visual Studio Community, tí kọ́ńpáílà Microsoft wà nínú rẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù ìtagbangba. Fáìlì kan ni ẹ máa kọ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá fi kóòdù tuntun sí i. Nítorí náà, “a kò ní Windows” kì í ṣe ìdáhùn tó tó mọ́.

Ẹ má fi ìkìlọ̀ kọ́ńpáílà ṣeré. Díẹ̀ nínú ohun tí MSVC, kọ́ńpáílà Microsoft, kọ̀ pátápátá, GCC ti kọ́kọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún yín tí ẹ bá ti tan `-Wall`, `-Wvla` àti `-Wmissing-prototypes`. Kí `postgres.h` sì ṣáájú gbogbo header yòókù nínú gbogbo fáìlì C. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó dà bí àdììtú lórí sístẹ́mù mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Tí ẹnì kan bá mú àtúnṣe wá, ẹ gbà á wọlé tàbí kí ẹ sọ ohun tó kù tí ó gbọ́dọ̀ ṣe. Tí ìbẹ̀rù yín bá jẹ́ pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́la, ẹ bi í léèrè bóyá yóò lè máa dán an wò. Ọ̀pọ̀ á gbà. Èyí tí kò bójú mu ni kí ẹ ti í pa láìkà á.

Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé èyí tí a ti kọ́ńpáìlì tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún Windows, fún ẹ̀yà PostgreSQL kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ń tì lẹ́yìn, torí pé DLL (fáìlì àfikún lórí Windows) ti ẹ̀yà 16 kò ní wọlé sínú ẹ̀yà 17. Akọ̀wé dátábéèsì ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ di ẹni tó ń kọ C kó tó lè wá orúkọ aláìsàn.

Ní ti èmi, mi ò wá fi ẹnu lásán bẹ̀ yín. Ẹ̀rọ Windows Server wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ Mac tó ń lo ARM náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ dá àtúnṣe yẹn padà, ẹ mọ ara yín. Ẹ tún un ṣí. Mo ti kọ́ńpáìlì rẹ̀ lórí méjèèjì, gbogbo ìdánwò tó wà nínú iṣẹ́ yín ló yege, mo sì ti kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀ pé nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀yà tuntun jáde, èmi ni n ó máa dán an wò lórí Windows fún yín kí ó tó jáde.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú dátábéèsì, Ìbàdàn